Kí Ẹ Tó Ra Ditẹ́kítọ̀ Wúrà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Òkìtìpupa, Igbótakò, Òde-Ìrèlè àti Ìlútitun, mo ń gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń tu owó jọ láti ra ditẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ lè bá wọn wá wúrà. Iṣẹ́ gidi ni, n kò ní bá yín du ú. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ ń tù jọ yìí, owó ẹyìn ni, owó ọ̀kadà ni, èésú ìyá yín wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ó wọgbó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kówó lé ọlọ́jà lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ wúrà. Iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láti ayébáyé ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, bítúmẹ́nì sì ni ọrọ̀ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Àgbabù. Òun ló gbé ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation wá sí agbègbè Aráròmí ní 1908, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dá iṣẹ́ wọn dúró ní 1914. Ditẹ́kítọ̀ kò gbọ́ bítúmẹ́nì. Ẹni tó bá gbé e kiri oko wa, ìṣó, ìdérí ìgò àti ọta ìbọn ọdẹ ni yóò máa wú.

Inú àpáta àtijọ́ ni wúrà ti ń jáde. Ẹ ó gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó kọjá kí ẹ tó dé ibi tí àpáta bẹ́ẹ̀ gbé gba Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá: Ìtagunmódì, Ìgún, Ìperindó. Agbègbè yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Thor Explorations ti ń wa kùsà Segilola, tí wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje ọdún 2021.

Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ní wúrà kò ní kí ditẹ́kítọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wúrà tí wọ́n ń fọ̀ nínú odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kúnná gan-an. Bí ẹ bá da ìkúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú wúrà sínú iyanrìn, kò sí hóró kan níbẹ̀ tó tóbi tó láti dá ẹ̀rọ lóhùn. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ya wọ aginjù Mauritania pẹ̀lú ditẹ́kítọ̀ ní 2016, wúrà tí wọ́n ń wá níbẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ṣù jọ, tí kò sì jìn sí ojú ilẹ̀ gbígbẹ. Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi owó yín rà ni abọ́ ìfọwúrà. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Iyanrìn kò tó ìlọ́po 3. Bí ẹ bá ń mi abọ́ nínú omi, iyanrìn yóò máa bá omi lọ, wúrà yóò sì jókòó sí ìdí abọ́. Ẹ fi abọ́ yìí bi odò léèrè. Bí lẹ́búlẹ́bú nìkan lẹ bá ń rí, ẹ fi owó ditẹ́kítọ̀ pamọ́. Bí ẹ bá rí hóró tí ẹ lè fi ìka méjì mú, iṣẹ́ wà fún ditẹ́kítọ̀ ní òkè ibẹ̀.

Ó wá kan yíyàn. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. PI (pulse induction) ni èyí tí ilẹ̀ onírin kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, ó sì ń gbọ́ ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ ìṣó sí wúrà dáadáa. VLF (very low frequency) ni ti ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nínú VLF, ohun tí ẹ ó wò ni kHz, ìyẹn iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí agbára rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún owó ẹyọ kò ga: Garrett ACE 300 jẹ́ 8 kHz. Èyí tí wọ́n ṣe fún wúrà kéékèèké ga dáadáa: Minelab Gold Monster 1000 jẹ́ 45, Nokta Gold Kruzer jẹ́ 61, Fisher Gold Bug 2 jẹ́ 71. Bí kHz bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń gbọ́ hóró kékeré tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni yangí àti ilẹ̀ pupa ṣe ń dà á láàmú tó. Ẹ má ra èyíkéyìí tí kò ní ground balance, ìyẹn ohun tí à ń fi mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mu kí ó yé pariwo nítorí irin inú erùpẹ̀. Ẹ sì yan kọ́ìlì kékeré, ìyẹn àwo ìdí ẹ̀rọ tí à ń gbá kọjá lórí ilẹ̀. Kọ́ìlì ńlá máa ń fo hóró kékeré.

A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ tọrọ òjé etí àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e: ọ̀kan bí ẹ̀wà, ọ̀kan bí hóró ìrẹsì. Ohùn òjé kékeré àti ti wúrà kékeré sún mọ́ra nínú ẹ̀rọ. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdérí ike kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ wá ibi tí yangí wà, ẹ gbẹ́ ihò tí kò ju oríkèé ìka kan lọ, ẹ fi wọ́n síbẹ̀, kí ẹ bò wọ́n. Ẹ tan ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ máa gbé kọ́ìlì sókè sódò, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí ariwo ilẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ẹ wá rọra gbá kọ́ìlì kọjá lórí òjé, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Èyí tó bá gbọ́ ẹ̀wà tí kò gbọ́ ìrẹsì, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ má fi òrùka wúrà dán an wò o: òrùka yípo, ó ń dún sókè ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rọ tí kò wúlò pàápàá yóò gbọ́ ọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, májèlé ni òjé. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ládùúgbò pa ọmọdé tí kò dín ní 400.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Minelab fúnra wọn ti kìlọ̀ pé ayédèrú PI wọn tó ń jẹ́ GPX 5000 wà lọ́jà ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó sanwó. VLF àlòkù tó jẹ́ ojúlówó sàn ju PI tuntun tó jẹ́ ayédèrú lọ. Ní ti ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá méjì tí ń yí kiri, tí wọ́n ní ó ń gbọ́ wúrà láti máìlì kan, irọ́ pátápátá ni. Irú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James McCormick tà fún ìjọba Ìráàkì pé ó ń wá bọ́ǹbù. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 2013.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òfin. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì. Ẹ kó ara yín jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ Mining Cadastre Office bóyá ẹlòmíì ti gba ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda baálẹ̀ àti onílẹ̀. Ihò tí ẹ bá gbẹ́, ẹ dí i. Ẹ má fọwọ́ kan mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ, májèlé ni. Odò tí ẹ ń fọ wúrà nínú rẹ̀, àwọn kan ń bù ú mu nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, abọ́ ìfọwúrà lẹ ó kọ́kọ́ rà, ditẹ́kítọ̀ ló kàn. Èyí tó bá sì gbọ́ òjé bí hóró ìrẹsì nínú ilẹ̀ pupa níṣojú yín nìkan ni kí ẹ sanwó fún.