Owó Ọjọ́ Ogbó Àlùfáà

Adébáyọ̀ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ jẹ akápò ìjọ yín. Mo bá ọ yọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí o gbọ́ kí o tó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí owó.

Èmi náà ṣe akápò rí. Nígbà tí à ń kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, a mú owó ìfẹ̀yìntì àlùfáà wa kún un, a ní a óò dá a padà lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè mẹ́ta kọjá, a ò dá a padà. Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n kó jáde ní fíkárééjì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí háyà. Òrùlé wa kò jò mọ́, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí bí mo bá gbójú sókè wò ó.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìjọ ni ọmọ àlùfáà. Láti ọ̀rúndún 19 ni Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ àlùfáà tirẹ̀.

Má gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀ ìjọ. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀, ó ní ilé. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òkòwò ilé àti ilẹ̀ mú kí àwọn Church Commissioners, tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, pàdánù nǹkan bí 800 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Láti 1998, iṣẹ́ tí àlùfáà ti ṣe ṣáájú ọdún náà nìkan ni wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ti iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, dáyósíìsì àti ìjọ ló ń dá a jọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Òfin ìfẹ̀yìntì tiwa ní Nàìjíríà ti 2014 rí bẹ́ẹ̀: níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó 15, ó kéré tán, agbanisíṣẹ́ yóò san ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, òṣìṣẹ́ yóò san 8, owó náà yóò sì wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti ka ọrẹ tán lóṣooṣù, yọ owó ìfẹ̀yìntì àlùfáà kí o tó yọ ti dísù àti ti ọ̀dà. Fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han àlùfáà. Bí àwọn àgbà ìjọ bá ní kí o dúró de ìkórè, má gbà.

Bàbá wa ti sùn nínú Olúwa; n kò lè san gbèsè náà fún un mọ́. Tiyín ṣì wà láàyè.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.