Ọ̀dà Méjì Tó Jọra

Funfun niyì eyín, àmọ́ ní Tanke, ní Ìlọrin, funfun báláú kì í pẹ́ lára ògiri. Erùpẹ̀ pupa ń bá bàtà wọlé, ọyẹ́ sì ń gbé eruku Sàhárà wá láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Ọ̀dà méjì ló wá máa ń kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kun yàrá: ọ́ọ̀fù-wáìtì àti kírímù. Lórí ìwé àpẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ ọlọ́dà, ìyàtọ̀ wọn kò ju ká kán tíì díẹ̀ sínú mílíìkì lọ.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí onílé ra díẹ̀ nínú méjèèjì, kó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mejì sórí páálí funfun ńlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, torí ẹmọ́ṣọ̀n sábà máa ń ṣú sí i bó bá gbẹ. Kó má tò wọ́n síra o! Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní Gobelins, ní Paris, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1839: àwọ̀ méjì tó fara kanra a máa sọ ìyàtọ̀ ara wọn di ńlá lójú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́ọ̀fù-wáìtì, kírímù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú ju bó ṣe rí lọ.

Ó ku fèrèsé. Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí di àárín oṣù Kẹrin, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń fì sí ní Ìlọrin. Yàrá tó kọjú síbẹ̀ ń rí oòrùn dáadáa, kírímù sì lè pọ́n jù nínú rẹ̀. Èyí tó kọjú sí àríwá, tàbí tí fẹ́ǹsì aládùúgbò dí lójú (wọ́n pọ̀ ní Tanke, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ti fún mọ́ra), ni kírímù bá lára mu. Ọ́ọ̀fù-wáìtì lè dà bí eérú níbẹ̀.

Pẹ́ńtà lè ní kírímù ló ń tà jù. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Alẹ́ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù tí wọ́n kọ 6500K sí lára fẹ́ jọ búlúù. Ti 3000K pọ́n. Abẹ́ èyí tí onílé yóò máa tàn ni kó ti wo páálí méjèèjì, kì í ṣe abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Bí ojú kò bá wá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tọ̀sán tòru, kó mú èyí tí kì í wọ́n lọ́jà, kó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tọ́jú ìyókù pẹ̀lú nọ́ńbà ara rọ́bà rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ògiri ni eruku àti ọwọ́ ọmọdé máa kọ́kọ́ bà jẹ́.