Ìrìn Ẹsẹ̀ Létí Adágún Inú Igbó

Ìbéèrè: Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi rìn nínú igbó tó ní adágún, kí a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ibo lẹ rò pé ó dára? – Ìyá Ìbejì, Kúta.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ gba Ìwó lọ sí Ìbàdàn. Ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Wọ́n sé odò níbẹ̀, ó di adágún ńlá, wọ́n sì dá igbó sí nítòsí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá ẹ̀gà dúdú olórí pupa tí wọ́n ń pè ní Ibadan malimbe: gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé! Àárọ̀ kùtùkùtù ni ẹyẹ ń ké jù, nítorí náà ẹ tètè gbéra.

Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ IITA o. Kì í ṣe ọgbà tí èèyàn kàn ń yà wọ̀. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí àwọn ọmọ wọ̀, nítorí ejò. Sálúbàtà? Rárá. Kí ọmọ kankan má sì wọ omi.

Bí ìyẹn kò bá rọrùn, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, náà dára, àmọ́ odò lẹ máa bá níbẹ̀.