Omi Àgbọn àti Kíndìnrín Tó Ti Bàjẹ́
Ilẹ̀ àgbọn ni etíkun Àgbádárìgì. Omi àgbọn dùn lóòótọ́, àmọ́ pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kì í lè lé e jáde tán, èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀ sì lè da lílù ọkàn rú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ni ẹ̀rọ sábà máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ife ni wọ́n fi ń wọn omi tó ń mu. Ta ni ìrẹ̀wẹ̀sì kò ní bá? Ó yẹ kí aláìsàn náà sọ ọ́ fún dókítà, bó ṣe ń sọ ti ẹsẹ̀ wíwú.

Ọ̀nà mìíràn ni ìpààrọ̀ kíndìnrín. Ọdún 2000 ni ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè fi ọ̀kan tọrẹ, kó máa fi ìkejì gbé ayé. Títà á ni Òfin Ìlera ọdún 2014 kọ̀.