Ẹ Wọ Ilé Adìyẹ Kí Ẹ Tó Ṣí Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, fóònù ọwọ́ yín dára. Fídíò lè fi hàn yín bí ọmọ adìyẹ ṣe ń dàgbà nínú ẹyin fún ọjọ́ 21, ohun tí àwa ò rí nígbà tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìran adìyẹ FUNAAB Alpha l'Ábẹ́òkúta fọwọ́ gbé adìyẹ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ka ẹyin.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ibi tí wọ́n wà yẹ kó tó 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru á sọ iye yẹn. Àwọn òròmọdìyẹ ló máa sọ bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn lábẹ́ iná tó ń mú wọn móoru, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọ́n bá kóra jọ sígun kan, ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n o!

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oúnjẹ, omi àti iye adìyẹ tó kú sórí Excel lálaalẹ́. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá fi sílẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀, ìméfò lásán ló máa kún inú rẹ̀. Bí omi tí wọ́n ń mu bá ṣàdédé dínkù, àìsàn lè ti wà ńlẹ̀. Ẹ tètè fi àkọsílẹ̀ náà han dókítà ẹranko. Ẹ má ra oògùn nítorí ohun tí ẹnìkan sọ lórí WhatsApp.