Tanímọ̀la ti darúgbó: lẹ́tà sí ọmọ àbúrò mi ní Sokodé

Kambolé, ní agbègbè Tchamba

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

   

Mo gbọ́ ohùn rẹ tó o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, mo sì tún un gbọ́. O ní Tanímọ̀la, ajá rẹ, kò lè gun àtẹ̀gùn iwájú ilé mọ́, pé ó ń mu omi ní àmujù, ó ń tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. O ní àwọn ará àdúgbò ti gbà ọ́ nímọ̀ràn: àwọn kan ní kó o gbé e sínú mọ́tò, kó o lọ já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà Tchamba, àwọn kan ní kó o tà á fún àwọn tó ń ra ajá lọ sápá Kara. O wá bi mí léèrè ohun tó yẹ kó o ṣe. Má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ajá yìí ti ń ṣọ́ ilé rẹ lóru tí ìwọ ń sùn. Gbèsè lo jẹ ẹ́, àwọn oṣù tó kù fún un yìí sì ni àsìkò tí wàá san án. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọdẹ ni bàbá tó bí èmi àti ìyá rẹ. Ó ní ajá kan tí àwọn ọdẹ mọ̀ dé Manigri ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ irú èdè tí à ń sọ ní Kambolé níbí. Nígbà tí ajá náà kò lè tẹ̀ lé e lọ sígbó mọ́, bàbá kò yọ ìpín rẹ̀ kúrò. Bó bá ti pa ẹran dé, kó tó pín in fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ gé ẹ̀dọ̀ sí wẹ́wẹ́, nítorí eyín ajá náà ti ká, á gbé e sórí ewé, á fi í síwájú rẹ̀. Bí a bá wò ó lẹ́nu, á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan sọ pé Mùsùlùmí kì í tọ́jú ajá bẹ́ẹ̀. Fi sùúrù dá a lóhùn. Ìlànà Ìmáàmù Máliki ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀ lé, ìlànà náà kò sì ka ara ajá sí ẹ̀gbin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìmáàmù mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Sura 18 nínú Àlùkùránì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀, sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó sùn nínú ihò àpáta, ó sì dárúkọ ajá wọn tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àlùfáà wa sì tún máa ń sọ ìtàn tó jáde lẹ́nu Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nípa ọkùnrin tó rí ajá tí òùngbẹ ń pa, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ pọn omi, tó sì fi eyín di bàtà náà mú gòkè. Ọlọ́hun dárí jì í nítorí omi yẹn.

Omi náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ. O ní ìyàwó rẹ ti ń gbé igbá omi pamọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí ajá má baà tọ̀ sílé. Ẹ dá a padà. Ajá àgbà tó ń mu omi púpọ̀, tó ń tọ̀ púpọ̀, tó ń rù, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, kíndìnrín rẹ̀ ló sábà máa ń ní ìṣòro. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè dá omi dúró sára mọ́, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń pọ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi omi dù ú, ẹ ń mú ikú rẹ̀ yá kánkán ni, ẹ sì ń fi ìyà kún un. Ìtọ̀ ṣúgà náà lè mú ajá mu omi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé màlúù àti àgùntàn nìkan ni wọ́n ń wò. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan wà ní Dakar láti 1968 tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹran fún àwọn orílẹ̀-èdè wa tó ń sọ Faransé, Togo wà lára wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn nípa ajá níbẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè iye tí wọn yóò gbà, kó o mọ ibi tí agbára rẹ mọ.

Oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, má fún un lọ́kankan. Ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sí ajá nínú ikùn, wọ́n sì lè pa kíndìnrín rẹ̀ pátápátá. Parasitámọ̀ náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí dókítà bá kọ nìkan ni kó o lò. Má fún un ní àlùbọ́sà, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Má sì da omi ọbẹ̀ tó kún fún iyọ̀ àti Maggi sí oúnjẹ rẹ̀. Ìrẹsì rírọ̀, ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mú ìró àtijọ́ kan, ká a ní ìlọ́po méjì, tì í gba abẹ́ ikùn rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, kó o wá di etí ìró náà méjèèjì mú sókè. Ajá náà á fi ẹsẹ̀ iwájú rìn, ìwọ á máa bá a gbé ẹ̀yìn. Bí kò bá lè dìde mọ́, tẹ́ àpò tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, máa yí i padà láti ìhà kan sí èkejì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, máa nu ìtọ̀ kúrò lára rẹ̀, kó o sì máa wo ìgbáròkó rẹ̀. Ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀, bí eṣinṣin bá sì bà lé egbò, ìdin kì í pẹ́ wọ̀ ọ́.

Bó bá ń gbó lóru láìsí olè, tàbí tó dúró kọjú sí ògiri bí ẹni tó ṣìnà, má jẹ́ kí wọ́n ní àǹjọ̀nú ló rí. Ọpọlọ ajá máa ń rẹ̀ bíi ti àgbàlagbà ènìyàn. Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta pé ó ti di dìgbòlugi. Oṣù dé oṣù ni àìsàn Tanímọ̀la fi ń wá. Ajá tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kó tó kú. Ṣùgbọ́n bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí ẹ pe dókítà. Ẹni tó bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìwọ̀n ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Ìdí kan tún wà tí mo fi ní kó o má tà á. Àwọn ará Kabyè ń jẹ ajá nígbà ọdún Evala, àṣà wọn ni, a kò bú wọn. Àwa náà, ajá ni Ògún ń gbà nílé ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n a kì í ta ẹran tó ń ṣàìsàn fún ọmọ ẹnìkejì ẹni, nítorí ẹni tó ń kun ún lè kó àrùn nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kù. San gbèsè náà, ṣùgbọ́n má fi ìyà gùn ún lẹ́mìí. Gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sára ògiri. Ọjọ́ tó bá jẹun, tó jùrù nígbà tó rí ọ, tó sùn láìké, fa ìlà sí i. Ọjọ́ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fi òdo sí i. Bí òdo bá ti ń pọ̀ ju ìlà lọ, ká sọ òótọ́ fún ara wa, àsìkò ti tó. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tó máa ń mú ajá sùn, tó sì máa ń dá ọkàn rẹ̀ dúró láìsí ìrora. Fọ̀rọ̀ lọ àlùfáà tó o fọkàn tán, fọ̀rọ̀ lọ ìyàwó rẹ, kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, dúró tì í, kó jẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ni yóò wà lórí rẹ̀.

Sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Má ní ó lọ sóko. Bí wọ́n bá sunkún, jẹ́ kí wọ́n sunkún, bí ìwọ náà bá sunkún, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá ń sin ín, gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó mítà kan, kó jìnnà sí kànga, kí ajá mìíràn má baà hú u, pàápàá bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ló gbà, nítorí oògùn yẹn ṣì lè pa ẹran tó bá jẹ òkú rẹ̀. Má sì yára mú ọmọ ajá tuntun wálé kí ọkàn yín tó balẹ̀. Nígbà tí ẹ bá mú un, kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kó tó gba orúkọ.

Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí Tanímọ̀la kú lójú ọ̀nà. Lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kó o sì pè mí kó o sọ ohun tó rí. Bí owó rẹ kò bá tó, èmi àti ìyá rẹ á fi tiwa kún un.

Ọlọ́hun á ràn ọ́ lọ́wọ́, á sì fún ọ ní ẹni tí yóò tọ́jú ìwọ náà lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ