Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ WA: Fíìmù Tó Ń Sọ̀rọ̀ Ìjọba, Báwo Ló Ṣe Yẹ Ká Máa Wò Ó?

  

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣirò owó, kì í sì í ṣe ti bí a ṣe ń tọ́jú gààrí kó má baà hu. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti pa ìsọ̀ dé lálẹ́, ìdí tẹlifíṣọ̀n la ń wà. A ó wò, a ó sunkún, a ó ṣépè fún ìyàálé burúkú inú eré, a ó sì lọ sùn. Ilẹ̀ á mọ́, ó parí. Àmọ́ fíìmù mìíràn wà tó ń sọ nípa ọba àti ará ìlú, nípa ìjọba àti àwọn tí ìjọba ń jẹ lé lórí. Irú èyí, kò yẹ ká máa dá a wò. Ó yẹ kí ènìyàn bí ogún tàbí ọgbọ̀n jókòó sí bùkà tàbí ilé tíì àdúgbò, kí wọ́n jọ wò ó, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí a ṣe lè ṣe é ni ẹ̀kọ́ wa.

ṢÉ Ọ̀RỌ̀ WA NI?

Ẹlòmíì á ní, "Ẹgbẹ́ ọjà kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú." Òótọ́ ni. Ẹni tó mú ìgbálẹ̀ wà láàárín wa, ẹni tó mú agbòjò wà láàárín wa, ẹni tí kò mú nǹkan kan náà sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: owó tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń san, ta ló ń dá iye rẹ̀? Ọ̀nà tí ọkọ̀ iṣu ń gbà wọ Adó, tó bá bàjẹ́, ta ló yẹ kó tún un ṣe? Bí wọ́n bá fẹ́ wó ìsọ̀, inú ọ́fíìsì ta ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà? Ṣé ẹ rí i, bí àwa ò bá lọ bá òṣèlú nílé, òṣèlú á wá bá wa ní ìsọ̀. Ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà, ẹ̀gbin ni wọn yóò tà fún un.

ÌTÀN KÌÍNÍ: ERÉ TÍ ÌJỌBA BẸ̀RÙ

Kí fíìmù Yorùbá tó dé, eré orí ìtàgé ló wà. Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ ní 1945, wọ́n sì ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ọdún yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní kó má ṣe é níbẹ̀.

Èyí tó wá tóbi jù ni Yorùbá Ronú, ní 1964. Nígbà yẹn àwọn aṣáájú wa ní Ìwọ̀ Oòrùn ń bá ara wọn jà, ilé ti dàrú. Ogunde ṣe eré nípa ọba kan tí àwọn tirẹ̀ dà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ mọ ibi tó ti ń ta á. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, fòfin de Ogunde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì.

Ta ló wá tú òfin yẹn? Ìjọba ológun tí ọmọ Adó-Èkìtì wa, Adékúnlé Fájuyì, ṣe gómìnà rẹ̀ ni, ní oṣù kejì ọdún 1966. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n pa Fájuyì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Fájuyì Park kọjá lójoojúmọ́, ẹ fi kún ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: ìjọba kì í fòfin de ohun tí kò lágbára. Kí ni agbára eré? Òun ni pé bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jọ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan náà, olúkúlùkù á mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ti ń rò ó.

ÌTÀN KEJÌ: JOGBO KÒ SÍ NÍNÚ MÁÀPÙ

Ọ̀pọ̀ wa ló ti wo Ṣaworoidẹ. Ọdún 1999 ló jáde, ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Tunde Kelani ló darí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Jogbo. Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣe ètùtù tí yóò dè é mọ́ ará ìlú, nítorí ó fẹ́ kówó jẹ. Àwọn agégẹdú ń gé igbó ìlú, wọ́n ń kó owó fún ọba àtàwọn ìjòyè. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Nígbẹ̀yìn sójà kan, Lágàta, gba orí àpèrè. Ará ìlú rò pé ìtura dé, àfi bí ẹni tó sá fún òjò tó bọ́ sódò. Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002: ìjọba tuntun dé, àmọ́ àwọn ìjòyè àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà nínú àpò ìlú.

Nínú máàpù Nàìjíríà, ẹ ò ní rí Jogbo. Nítorí náà ni gbogbo ìlú ṣe wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ pé gómìnà báyìí ló jalè, ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó fẹ́ràn rẹ̀ á bínú sí mi, ìjà á dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ìjòyè Jogbo yìí, kí lẹ ti rí i sí?", a ó jọ jókòó, a ó jọ sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kí fíìmù dára fún ẹgbẹ́ tó ní oríṣiríṣi ènìyàn nínú nìyẹn.

ÌTÀN KẸTA: OBÌNRIN ỌJÀ BÍI TIWA

Ní 2024, fíìmù kan jáde nípa Funmilayo Ransome-Kuti. Bolanle Austen-Peters ló ṣe é. Joke Silva àti Kehinde Bankole ló ṣe Màmá náà, ọ̀kan lágbà, ọ̀kan léwe. Kì í ṣe àlọ́. Ní Abẹ́òkúta, nígbà ogun Hitler, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Owó orí tún wà lọ́rùn wọn, kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin dá sílẹ̀ gbà àwọn obìnrin ọjà mọ́ra, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà; ní 1946 ó di Abeokuta Women's Union. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n yẹ ìwé ìṣirò owó ìlú wò, wọ́n sì sùn sí iwájú ààfin ní 1947. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀. Ó padà ní 1950, àmọ́ àwọn obìnrin ti wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ẹ kíyè sí ètò náà: ìwé kíkà ló ṣáájú, ìṣirò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdúró. Ariwo nìkan kọ́.

ÌTÀN KẸRIN: ỌJÀ ẸJA NÍ MONROVIA

Ní Liberia, ogun pọ̀. Ní 2003, àwọn obìnrin wọ aṣọ funfun, Kìrìsítẹ́nì àti Mùsùlùmí pọ̀, wọ́n jókòó sí pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja ní Monrovia, nínú òjò, nínú oòrùn, lójú ọ̀nà tí Ààrẹ Charles Taylor ń gbà kọjá. Leymah Gbowee wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà ń falẹ̀ ní Accra, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní jáde. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní 2011 Gbowee gba ẹ̀bùn Nobel. Wọ́n ṣe fíìmù nípa wọn ní 2008, Pray the Devil Back to Hell, wọ́n sì gbé e lọ sí oríṣiríṣi ìlú tí ogun ti jà, kí àwọn obìnrin ibẹ̀ lè wò ó kí wọ́n sì jíròrò.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ FÍÌMÙ, TÍ KÌ Í ṢE ÌWÉ?

Ará Senegal kan wà, Ousmane Sembène. Ó ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ òkun ní ilẹ̀ Faransé kó tó di òǹkọ̀wé. Ó wá rí i pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka ìwé náà. Ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Ní 1968 ó ṣe Mandabi ní èdè Wolof, kí ìyá tó ń tajà lè gbọ́ ọ. Ó máa ń sọ pé ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni sinimá jẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Ìjọba tirẹ̀ náà fòfin de ọ̀kan nínú fíìmù rẹ̀, Ceddo, ti 1977. Àwa tí a kò ju ìwé mẹ́fà lọ, a mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Fíìmù lè purọ́. Láti 1939 ni ìjọba òyìnbó ti ní ilé iṣẹ́ fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Mọ́tò ń gbé fíìmù kiri ìlú, wọ́n ń fi kọ́ni ní ìmọ́tótó, wọ́n sì tún ń fi sọ fún wa pé ogun wọn, ogun wa ni. Lónìí, fídíò inú fóònù ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ìdìbò: wọ́n á gé ọ̀rọ̀ ẹni sí méjì, wọ́n á fi ìdajì ránṣẹ́. Nítorí náà, bí a ṣe ń tẹ iṣu ká tó rà á ni ká tẹ fíìmù wò: Ta ló ṣe é? Owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Kí ni wọn ò fi hàn wá?

BÍ A ṢE LÈ ṢE É

1. Ibi tí à ń jókòó: bùkà ọmọ ẹgbẹ́ kan tó. Kì í ṣe ilé olóṣèlú, kì í ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú.

2. Owó: kí oníkálukú dá owó tirẹ̀ fún epo jẹnẹrétọ̀, kó sì ra oúnjẹ tó bá jẹ. Ẹni tó bá ra epo ló máa yan fíìmù. Bí olóṣèlú bá gbé kétí omi àti ìrẹsì wá, ẹ dúpẹ́, ẹ dá a padà.

3. Fíìmù ní olówó. Bí a kì í ṣe gbé ọjà orí àtẹ ẹlòmíì láìsọ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ká ra ojúlówó, ká sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí a tó fi han gbogbo ènìyàn.

4. Àkókò: ká bẹ̀rẹ̀ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Bí fíìmù bá gùn, ká wo ìdajì lónìí, ìdajì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà ọ̀la kò ní dúró de oorun wa.

5. Ká yan ẹnì kan tí yóò máa pín ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fún láyè. Kí Ìyálọ́jà sọ tirẹ̀ kẹ́yìn, nítorí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́.

6. Òfin kan ṣoṣo: a kì í dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a kì í bú ẹni tó wà láàyè. Ìwà ni ká sọ, kì í ṣe orúkọ.

ÌṢIRÒ KAN FÚN ÌJÍRÒRÒ

Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní oṣù keje 2018, gbólóhùn kan gbilẹ̀: "Dìbò kó o sebẹ̀." Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé náírà 3,000 sí 5,000 ni wọ́n ń ra ìbò kan. Èmi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọdún mẹ́rin ni gómìnà ń lò. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ẹ pín 5,000 sí 1,461. Kò tó náírà 4 lóòjọ́. Èwo nínú wa ló máa ta ọjà tirẹ̀ ní náírà 4? Òfin sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Àmọ́ ká má parọ́ fún ara wa: ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù. Ohun tó yẹ ká jíròrò ni bí àjọ wa àti owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí ìkòkò rẹ̀ ṣófo ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò, kí 5,000 má baà rí ibi wọlé.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ìjọba fi fòfin de Yorùbá Ronú? Ta ló tú òfin náà?
2. Nínú Ṣaworoidẹ, ta ló jẹ̀bi jù: ọba, ìjòyè, agégẹdú, àbí ará ìlú tó dákẹ́?
3. Kí ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó lọ sí ààfin?
4. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ owó kan tí à ń san ní ọjà. Ta ló ń gbà á? Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹni tí kò bá mọ̀, kó lọ bèèrè, kó mú èsì wá sí ìpàdé.

Ẹni tí kò lè kàwé, kí aládùúgbò rẹ̀ kà á sí i létí. Ọlọ́run á jẹ́ ká tà, á jẹ́ ká jèrè. Ó dìgbà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́